Ẹ̀RỌ TÍ A Ń LÒ, TA NI YÓÒ MÁA TỌ́JÚ RẸ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìsẹ́yìn

A kò ní pẹ́ jù, nítorí àwọn tó ní iṣẹ́ alẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé ní agogo mẹ́wàá, a kò sì fẹ́ kí fọ́ọ̀mánù fi ìpàdé ẹgbẹ́ ṣe ẹ̀sùn fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tí a pè yín sí lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó yóò wọ inú rẹ̀ kí a tó parí. Ọ̀rọ̀ ìwé tí àwọn ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí wa ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní TPM. Wọ́n ní láti ìgbà tí ètò náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ni yóò máa nù ún, òun ni yóò máa fi gíríìsì sí i, tí yóò máa yẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò, tí yóò sì máa kọ ohun tó bá rí sínú ìwé. Ojú ewé méjì ni ìwé náà. Ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí a ó máa ṣe gba ojú ewé kan àti ààbọ̀. Ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí yóò kàn wá níbẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta péré, ọ̀rọ̀ "ìfọwọ́sowọ́pọ̀" sì wà nínú ìlà mẹ́ta náà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ìwé yìí ti dé ni ariwo ti sọ. Àwọn kan ní kí a dá a padà kíákíá. Àwọn fítà wa ní wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ní wọ́n fẹ́ gbé ẹrù ẹlòmíràn ka àwọn lórí lórí owó kan náà. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí fítà kan àti ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìlọ̀ fi ọwọ́ kan ara wọn nídìí omi. Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì, owó ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wọn! A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnì-kan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ni àwa tí ẹ yàn láti máa ṣojú yín fi jókòó, tí a wádìí ohun tí TPM jẹ́, ibi tó ti ṣẹ̀ wá, àti ohun tó ti ṣe fún àwọn tó gbà á ṣáájú wa.

Láti ilẹ̀ Japan ni orúkọ náà ti wá, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Ní 1951 ni àwọn ará Japan kọ́ ọ lára àwọn ará Amẹ́ríkà pé kò yẹ kí a dúró títí ẹ̀rọ yóò fi kú kí a tó ṣí i wò. Pé kí a máa yàn ọjọ́ fún un, kí a máa pààrọ̀ ohun tó bá ti ń gbó kí ó tó já. Nínú ètò ti Amẹ́ríkà yìí, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń tún un ṣe wà lọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Japan tí ń jẹ́ Nippondenso, ọ̀kan nínú ẹbí Toyota, tí ń ṣe ohun èlò iná inú ọkọ̀. Láti 1996 ni wọ́n ti ń pè é ní DENSO. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wọn ní àwọn ọdún 1960, àwọn fítà wọn kò lè yí i ká mọ́. Wọ́n wá ní kí ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ lójoojúmọ́ máa ṣe ìtọ́jú kéékèèké, kí fítà sì gbájú mọ́ iṣẹ́ ńlá àti bí ẹ̀rọ yóò ṣe dára ju bó ti wà lọ. Ní 1971 wọ́n gba ẹ̀bùn ńlá ilẹ̀ wọn lórí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Seiichi Nakajima, ti àjọ Japan Institute of Plant Maintenance, ló gbé ètò náà kiri ayé. Ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1988. T tó wà níwájú yẹn ń sọ pé gbogbo ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, láti orí ọ̀gá pátápátá títí dé ẹni tó ń gbá ilẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ "láti orí ọ̀gá pátápátá" sọ́kàn, nítorí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa.

Ṣùgbọ́n ṣé Japan ni a ó lọ kí a tó rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀? Ẹ yà sí àgbàlá ahunṣọ kankan ní Ìsẹ́yìn yìí. Ahunṣọ kì í ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni kí ó wá bá òun nu òfì. Bí òwú bá ń já léraléra ní ibi kan náà, kò ní bú òwú. Yóò fi ọwọ́ pa ọ̀kọ̀ rẹ̀ wò, yóò wá ibi tí igi ti ha, yóò sì dán an kí ó tó tún jókòó. Bí ìtẹ̀sẹ̀ bá ń dún, ó mọ okùn tí ó ti tú. Ìró òfì rẹ̀ wà létí rẹ̀ bí ohùn ìyàwó rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe òun ló ń gbẹ́ ọ̀kọ̀ tuntun. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń gbẹ́ ẹ, kò sì sí ìjà láàárín wọn. Obìnrin tó ni ẹ̀rọ ìlọta lẹ́bàá ọjà náà bẹ́ẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì Lister rẹ̀ bá yí ohùn padà, ibi yòówù kó wà lọ́jà, yóò sáré wá.

Ohun tí àwọn ará Japan ń pè ní ìtọ́jú láti ọwọ́ ẹni tó ń lò ó kò ju èyí lọ. Ìpele méje ni wọ́n là sílẹ̀ fún un. Èkínní, tó le jù nínú gbogbo rẹ̀, ni kí a nu ẹ̀rọ mọ́ tónítóní. Kì í ṣe nítorí kí àlejò lè rí i pé ó ń dán. Ẹni tó ń fi àkísà nu ẹ̀rọ ń fi ọwọ́ kàn án, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ kàn án ni yóò mọ̀ pé ibí yìí gbóná ju bó ti yẹ lọ, nọ́ọ̀tì yìí ti tú, òróró ń kán níbí, irin yìí ti fẹ́ sán. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá ohun tó ń mú ìdọ̀tí wá, kí nínù náà má baà di iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Bí ìyẹ̀fun bá ń fọ́n jáde láti ojú ìdè kan, ẹ dí ojú ìdè náà. Ẹ má kàn máa fún wa ní ìgbálẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín àwa àti ahunṣọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà dì sí. Ahunṣọ tó tọ́jú òfì rẹ̀ ló ni òfì, òun náà ló ni owó aṣọ. Àwa kò ni ẹ̀rọ, a kò sì ni àpò ìyẹ̀fun tó ń jáde. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí a tọ́jú ẹ̀rọ bí ẹni pé tiwa ni, a ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí yóò jẹ́ tiwa nínú èrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Bẹ́ríìnì fáànù ẹ̀rọ ìgbẹ ń hó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi hó. Ọmọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ sọ fún fọ́ọ̀mánù lẹ́ẹ̀kíní, ó sọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu ni wọ́n fi gbà á. Ní òru ọjọ́ kẹta, bẹ́ríìnì dì mọ́ irin, irin tẹ̀, gbogbo ilé-iṣẹ́ dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, nítorí pé kò sí òmíràn ní sítọ́ọ̀, ọjà Ìbàdàn ni a ti lọ wá a. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti kúrò nílẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ yóò ti máa dúdú. Òkìtì ẹ̀gẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ gbé wá jẹrà sí ẹnu ọ̀nà wa, àwọn ìyá wa tó ń bẹ́ ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń gba owó lójoojúmọ́, padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ta ni wọ́n kọ ìwé ìbéèrè sí? Ọmọkùnrin yẹn ni. Wọ́n ní kò sọ. Ó ní òun sọ. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ fi bá a ṣe ẹjọ́ náà kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Nínú ètò TPM, páálí kékeré kan wà tí a fi ń so mọ́ ara ẹ̀rọ níbi tó bá ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń lo funfun fún èyí tí ẹni tó ń lò ó lè ṣe fúnra rẹ̀, àti pupa fún èyí tó jẹ́ ti fítà. A ó kọ ọjọ́, a ó kọ orúkọ, a ó kọ ohun tí a rí, ẹ̀dà rẹ̀ yóò wà nínú ìwé. Nígbà tí a kà á dé ibẹ̀, a wo ara wa lójú. Bó bá ṣe pé páálí pupa so mọ́ fáànù yẹn láti ọjọ́ kìíní, ta ni ìwé ìbéèrè ìbá bá? Àwọn ọ̀gá rò pé ohun èlò tiwọn ni páálí yìí. Àwa rí i pé ẹlẹ́rìí wa ni. Àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ni, bí ilé-iṣẹ́ bá sì fi páálí pupa sílẹ̀ fún oṣù kan láìfọwọ́kàn án, nígbà tí ìjàmbá bá ṣẹlẹ̀ a mọ ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Ìdí àkọ́kọ́ nìyí tí ìgbìmọ̀ wa kò fi fẹ́ kí a sọ ìwé yẹn sínú iná.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni a ti kọ́ ọ, ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín. Wákàtí 8 ni iṣẹ́ ìgbà kan, èyí jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ká ní ẹ̀rọ tí ń di àpò lè di àpò kan ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Bí kò bá dúró rárá, àpò 240 ni yóò dì. Ó wá dúró fún ìṣẹ́jú 120: bẹ́líìtì já, a ń wá òmíràn, iná lọ, a ń dúró de dísù. Ó ku ìṣẹ́jú 360, èyí tó yẹ kó jẹ́ àpò 180. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti gbó, ó ń fà, ó ń kọsẹ̀, 144 ló rí dì. Nínú 144 yẹn, 24 ya tàbí kò pé ìwọ̀n, wọ́n dá wọn padà. Ó ku 120 tó dára. Ìdajì 240 géérégé. Ohun tí wọ́n ń pè ní OEE nínú TPM kò ju èyí lọ: ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Nakajima ní kí ilé-iṣẹ́ máa lé ìdá 85. Èyí yóò jẹ́ àpò 204 láti ara ẹ̀rọ kan náà, ní wákàtí kan náà. Àpò 84 lé sí i nìyẹn, ní iṣẹ́ ìgbà kan ṣoṣo.

Nísinsìnyí, ẹ wo ibi tí àpò 120 tó sọnù wọlé sí. Ìdúró gbé 60, fífà ẹ̀rọ gbé 36, ìbàjẹ́ gbé 24. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni ọ̀lẹ òṣìṣẹ́ fà? Nígbàkúùgbà tí ọjà kò bá pé, àwa ni wọ́n máa ń pè sí ọ́fíìsì. Ìṣirò yìí fi hàn pé ẹ̀rọ, ohun èlò tí kò sí ní sítọ́ọ̀, àti iná ló kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Kí a má sì parọ́ o: àwọn kan wà nínú wa tí inú wọn máa ń dùn bí bẹ́líìtì bá já ní agogo mẹ́rin òru, nítorí wọn yóò rí ẹ̀yìn àpò sùn sí. A mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n oorun wákàtí kan kọ́ ló jẹ àpò 120.

Ọ̀rọ̀ iná yìí, ó yẹ kí a dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí àwọn tó kọ ìwé TPM kò gbé Òkè-Ògùn rí. Nínú òfò mẹ́fà tí Nakajima kà sílẹ̀, ẹ̀rọ tó kú wà níbẹ̀, àkókò tí a fi ń yí ẹ̀rọ padà sí ọjà mìíràn wà níbẹ̀, ìdúró kéékèèké, fífà, ọjà tó bàjẹ́ àti ọjà ìbẹ̀rẹ̀ tí kò dára wà níbẹ̀. NEPA kò sí níbẹ̀. A mọ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ padà sí PHCN ní 2005, tí wọ́n sì tà á fún àwọn aládàáni ní 2013, ṣùgbọ́n orúkọ tí òkùnkùn mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Bí iná bá já lójijì nígbà tí ẹ̀gẹ́ rírọ kún inú ẹ̀rọ ìgbẹ, ohun tó wà nínú rẹ̀ á dì, ọwọ́ ni a ó fi hà á jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ máa ka ìdá 50 tàbí 60 sí wa lọ́rùn, kí wọ́n kọ òfò ti iná sí ọ̀tọ̀, kí gbogbo ènìyàn rí i lára pátákó. Àbí ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn ti gbàgbé ìdídò Ìkéré Gorge lórí odò Ògùn? Ìgbà ìjọba Alhaji Shehu Shagari, láàárín 1979 sí 1983, ni iṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá láti fi mú iná jáde jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìmú iná kankan jáde. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó lò ó bàjẹ́ o, àìlò ló bà á jẹ́.

A wá dé ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́. Kí a tó wá síbí, a ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ọ̀rẹ́ wa kan nu róla nígbà tó ń yí lọ́wọ́, nítorí wọn kò fẹ́ pàdánù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àkísà ni róla kọ́kọ́ gbà. Ìka mẹ́ta ló bá àkísà lọ. Títí di òní, ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun nínú ilé rẹ̀, kì í sì í lọ sí òde àríyá mọ́. Nítorí náà, nígbà tí a kà á nínú ìwé àwọn ọ̀gá pé "kí òṣìṣẹ́ máa nu ẹ̀rọ lójoojúmọ́", ohun àkọ́kọ́ tí a wá ni ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kú kí a tó nù ún. A kò rí i.

Òfin Ilé-iṣẹ́ Ńlá ti 1987 sọ pé gbogbo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìbòrí tàbí ọgbà. Òfin ti 2010 lórí owó gbà-máà-bínú sì sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó láti ọ̀dọ̀ NSITF, níbi tí agbanisíṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo wa sí. Àwọn òfin yìí dára, ṣùgbọ́n owó kì í hu ìka. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹ̀rọ kú, kí a fi àgádágodo ti súwìṣì ńlá rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà sì wà nínú àpò ẹni tó ń nu ẹ̀rọ, kì í ṣe lọ́wọ́ fọ́ọ̀mánù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ ni kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí èyí, a kò ní dúnàádúrà rárá.

Kí a wá sọ ti iṣẹ́ tó lè bọ́. Ẹ̀yin fítà wa, ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù ọmọdé. Ní Nippondenso àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Japan ìgbà náà, òṣìṣẹ́ tí a bá gbà síṣẹ́ tààrà máa ń wà níbẹ̀ títí di ìgbà tó bá fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n ní kí ó kọ́ iṣẹ́ sí i, kò sí ohun tó ń já láyà rẹ̀. Níhìn-ín ńkọ́? Ẹ wo àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa. Ilé-iṣẹ́ Heineken ti ilẹ̀ Netherlands, tó ni ìpín tó pọ̀ jù nínú Nigerian Breweries, ti mú TPM lọ sí àwọn ilé ìpọntí rẹ̀ káàkiri ayé, Nigerian Breweries sì wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń pọn bíà Star láti 1949 ni, tí ilé ìpọntí rẹ̀ ti Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Iṣẹ́ wọn gún. Síbẹ̀, ní 2024, ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pé nítorí bí náírà ṣe já àti bí ọjà ṣe gbówó lórí, wọn yóò dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní méjì nínú ilé ìpọntí mẹ́sàn-án tí wọ́n ní. A kò sọ èyí láti bu ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀rọ lè mọ́ tónítóní, kí ó má kú rárá, kí afẹ́fẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé TPM nìkan yóò dáàbò bo iṣẹ́ yín, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì bu ọwọ́ lù ú.

Abala 20 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé bí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ẹgbẹ́ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tí yóò kàn, pé ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ jáde bí ìmọ̀ bá dọ́gba, àti pé kí ó sapá láti bá ẹgbẹ́ jíròrò lórí owó tí wọn yóò san. Ohun tí òfin fún wa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, a fẹ́ kí ó wà nínú àdéhùn wa pé kò ní sí fítà kan tí yóò bá TPM lọ. Ẹni tó bá rí àyè nítorí pé àwa ń fi gíríìsì sí ẹ̀rọ, kí wọ́n rán an lọ sí Polytechnic Ṣakí tàbí Ìbàdàn kí ó kọ́ iṣẹ́ iná àti iṣẹ́ ẹ̀rọ tuntun, kí owó rẹ̀ sì gòkè. Ẹ̀yin fítà náà, ẹ gbọ́ tiwa: ó ti tó kí ẹ máa fi ara bo ẹ̀rọ bí ẹ bá ń ṣí i, kí ẹni tó dúró tì í má baà rí ohun tí ẹ ń ṣe. Mẹ́rin nínú yín ni. Ẹ̀rọ wa lé ní ogún. Ẹ̀yin fúnra yín ń sọ fún wa pé oorun kò sí.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti àwọn tí wọ́n ń pè ní kásúà, tí wọ́n ń lé lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tí wọ́n sì ń gba òmíràn. Nínú ìpàdé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, a bi wọ́n léèrè: ìgbà wo ni etí ẹni tó bá lo oṣù mẹ́ta yóò mọ ìró ẹ̀rọ? Ẹ ó kọ́ ọ ní bí a ṣe ń yẹ bẹ́ríìnì wò, ẹ ó sì lé e lọ, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Wọn kò dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ ẹnjiníà, mi orí rẹ̀ díẹ̀. A rí i. Bí wọ́n bá fẹ́ TPM lóòótọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ àwọn ọmọ wọ̀nyí di òṣìṣẹ́ tààrà, kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò fi ṣiṣẹ́. Bí ọ̀pọ̀ yín kò bá rántí ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ wa lónìí, ẹ rántí èyí, nítorí ó pẹ́ tí a ti ń wá irú ohun tí a ó fi di ọ̀rọ̀ yìí mú.

Ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ wa rèé. Kí a má kọ̀ ọ́, kí a má sì gbà á bó ti wà nínú ìwé wọn. Kí a ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ó sì jẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹ, nítorí òun ló ń yọ wá lẹ́nu jù. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a ó fi nù ún wà nínú wákàtí 8, kí ó má ṣe jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó àfikún iṣẹ́ ni. Kí wọ́n fún wa ní ìbọ̀wọ́, ohun ìbòmú, àti àgádágodo. Kí wọ́n kọ́ wa ní iṣẹ́ náà kí wọ́n tó ní kí a bu ọwọ́ lu ìwé kankan pé a yẹ ẹ̀rọ wò. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lu ohun tí kò mọ̀. Páálí pupa tí wọn kò bá fọwọ́ kàn láàárín ọjọ́ méje, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí a ka àpò tó lé sí i, kí apá kan nínú owó rẹ̀ wọ owó oṣù wa. Bọ́nọ́ọ̀sì ọdún Kérésì tàbí Iléyá kò tó, nítorí wọ́n lè fún wa lọ́dún yìí kí wọ́n má fún wa lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n sì ní ìdá mélòó ni a fẹ́. Àwa kò ì tí ì dá wọn lóhùn, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ọ́.

Ìyá kan béèrè lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ pé ọ̀bẹ ni àwọn fi ń bẹ́ ẹ̀gẹ́, àwọn kò ní ẹ̀rọ, kí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn àwọn? Ó kàn yín púpọ̀, Màmá. Ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìgbẹ fi kú, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ pàdánù owó. Nítorí náà, a ti fi í sínú ohun tí a ń béèrè pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kú, kí ẹ̀yin tí ẹ ti dé ẹnu iṣẹ́ gba ó kéré tán ìdajì owó ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbí kan náà, ni a ó di ìbò lórí rẹ̀. Láàárín ìsinsìnyí sí ìgbà náà, kí olúkúlùkù tó ń lo ẹ̀rọ kọ ohun mẹ́ta tó ń dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró jù sílẹ̀, àti ọjọ́ tó ti sọ ọ́ fún fọ́ọ̀mánù, kí ó sì mú un wá. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kí ó wá sọ́dọ̀ wa ní àkókò oúnjẹ, a ó bá a kọ ọ́. Fítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ń retí, kí ẹnì kankan má sọ pé iṣẹ́ òru ló ká òun mọ́. A ti bá súpáfáísọ̀ sọ ọ́, ó sì ti gbà.